Ọdún Tí Bàbá Mi Dákẹ́

Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ilé wa ní Iléṣà ti máa ń dún. Igi ìdáná ló máa ń kọ́kọ́ fọhùn, bí àwọn òṣìṣẹ́ bá ń jù ú sílẹ̀ lẹ́yìn ààrò búrẹ́dì, gbì, gbì. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po ìyẹ̀fun á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, tí páànù á sì máa ró bí wọ́n bá ń fi òróró pa inú wọn. Lórí gbogbo ariwo yìí ni ohùn bàbá mi máa ń wà. Bàbá mi kì í ṣiṣẹ́ láì sọ̀rọ̀. Ó máa ń bá iná ṣàwàdà, ó máa ń bá ìyẹ̀fun tó bá kọ̀ tí kò wú wí, ó máa ń kí àwọn obìnrin tó wá kó búrẹ́dì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì mọ orúkọ ọmọ tí kálukú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Bàbá Búrẹ́dì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Èmi Fúnmi, ọmọ ọdún mọ́kànlá nígbà náà, gbà pé kò sí ohun tó lè gba ohùn yẹn lẹ́nu rẹ̀.

Àwa márùn-ún là ń gbé inú ilé náà. Bàbá mi wà níbẹ̀, àti màámi tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Yèyé, ìyá tó bí bàbá mi, ló ni yàrá iwájú tó kọjú sí ọ̀nà. Èmi ni àkọ́bí, Tọ́pẹ́ àbúrò mi ọmọ ọdún mẹ́rin sì ni àbígbẹ̀yìn. Yèyé kò fi ahọ́n Ìjẹ̀ṣà rẹ̀ ṣeré rárá. Ulé ni ó ń pe ilé, uyán ni ó ń pe iyán, bí mo bá sì sọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ níléèwé, á ní mo ti di ará ibòmíràn. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni à ń gún iyán, Yèyé á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ odó, á máa sọ ìgbà tí a máa ta omi sí i àti ìgbà tí a máa dáwọ́ dúró, bí ẹni pé àwa kò gún un rí. Ó ní ọ̀rọ̀ kan tó fẹ́ràn láti máa sọ bí ẹnikẹ́ni bá ń ráhùn: "Ẹni tó bá gbé ẹrù rẹ̀ láì kérora ni àgbà." Mo gbọ́ ọ débi pé mo lè sọ ọ́ lójú oorun. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè wúwo ju ẹrù tí wọ́n ń sọ lọ.

Iṣẹ́ tèmi lárààárọ̀ ni kí n gbá eérú ẹnu ààrò, kí n sì fi òróró pa àwọn páànù kéékèèké. Iṣẹ́ Tọ́pẹ́ ni kó máa dí gbogbo èèyàn lọ́wọ́. Ó máa ń dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì tí kò ga tó, á na ọwọ́ sókè, bàbá mi á sì já ìyẹ̀fun díẹ̀ kúrò lára èyí tó ń pò, á fi mọ ìjàpá kékeré kan fún un. Á fi àmì èékánná ṣe ìkarahun rẹ̀, á fi ẹ̀wà méjì ṣe ojú, á tì í bọnú ààrò pẹ̀lú àwọn yòókù. Ìjàpá yìí ni Tọ́pẹ́ máa ń jẹ lárààárọ̀. Orí ló máa ń kọ́kọ́ jẹ, torí ó ní kò fẹ́ kó máa wo òun.

Ní àárín òjò ọdún náà ni ibà mú Tọ́pẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi gbóná, tó ń rọ̀, tó tún ń gbóná. Wọ́n fún un ní oògùn, ara rẹ̀ yá, ó tiẹ̀ béèrè ìjàpá. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹrin, ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, bàbá mi gbé e lé èjìká ó sáré lọ sí ilé ìwòsàn. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti gbé òkú Tọ́pẹ́ padà wálé. Wọ́n ní àwọn nọ́ọ̀sì sa gbogbo ipá wọn. Ohun tí mo rántí jù ni bí àwọn àbúrò bàbá mi ṣe fi aṣọ funfun wé ọmọ náà láti lọ sin ín, tí bàbá mi dìde láti tẹ̀ lé wọn, tí àwọn àgbà ọkùnrin mẹ́ta sì dì í mú lẹ́nu ọ̀nà. "Bàbá kì í rí sàréè ọmọ rẹ̀," ni ọ̀kan nínú wọn sọ. "Òfò la fi ọmọ ṣe, a kì í tẹ̀ lé òfò lọ." Bàbá mi kò jà. Ó padà jókòó sórí pèpéle, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún bí ẹni tó ń dúró de mọ́tò.

Inú yàrá ni àwọn obìnrin kún bámúbámú yí màámi ká. Wọ́n ń wẹ̀ ẹ́, wọ́n ń fún un ní ẹ̀kọ mu, wọ́n ń bá a sunkún, bí ó bá fẹ́ fi orí gbá ilẹ̀, àyà ẹnìkan ni orí náà máa ń bá. Ìta ni àwọn ọkùnrin wà lọ́dọ̀ bàbá mi. Wọ́n ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ọkùnrin ni ọ́, mọ́kàn le." "Tọ́jú ìyàwó rẹ o." "Bí ìwọ bá ń sunkún, ta ni yóò wá rẹ ìyàwó rẹ lẹ́kún?" Bàbá mi ń mi orí sí gbogbo wọn. Mo jókòó sí ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn, mo ń wò ó, mo ń retí pé kí ẹnìkan béèrè bóyá òun náà ti jẹun. Kò sí ẹni tó béèrè. Mi ò dá wọn lẹ́bi mọ́ lónìí. Ohun tí wọ́n fún un náà ni àwọn bàbá tiwọn fún wọn, kò sì sí ẹni tó kọ́ wọn ní òmíràn.

Ọjọ́ kẹta ló padà sídìí ààrò. Àwọn èèyàn yìn ín pé akin ni. Ẹ̀rọ ń kùn, igi ń dún, páànù ń ró, ṣùgbọ́n ohùn náà kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó kọ́kọ́ jẹ́ pé ó dín ọ̀rọ̀ kù, lẹ́yìn náà ó di pé orí ló fi ń dáhùn. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé iyọ̀, búrẹ́dì á sì jáde bí òwú lẹ́nu. Ní ọjọ́ mìíràn, á dúró síwájú ààrò tí gbogbo rẹ̀ á jóná lójú rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ni wọ́n máa sáré wá kó o jáde. Ní àárọ̀ kan, mo rí i tí ọwọ́ rẹ̀ já ìyẹ̀fun díẹ̀, ó ń mọ ọ́n, ó ti fi èékánná ṣe ìkarahun kí ó tó rí ohun tó ń ṣe. Ó tẹ ìjàpá náà pa pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́, ó sì jáde lọ sínú yàrá tí a ń kó àpò ìyẹ̀fun sí, ó ti ilẹ̀kùn. Láti ọjọ́ yẹn ni yàrá yẹn ti di ibùjókòó rẹ̀. Kò fá irùngbọ̀n mọ́. Oúnjẹ tí mo bá gbé lọ fún un ni mo máa ń gbé padà. Àwọn obìnrin tó ń kó búrẹ́dì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ibòmíràn, méjì nínú àwọn òṣìṣẹ́ sì wá iṣẹ́ lọ sí Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà. Màámi ń lọ síléèwé, ó ń bọ̀, òun náà ń rìn bí ẹni tó ń ru omi tó kún dé ẹnu. Kò sí ẹni tó ń dárúkọ Tọ́pẹ́ nínú ilé náà. Mo rò pé òfin ni.

Ẹni tó kọ́kọ́ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ bàbá mi kì í ṣe ará Iléṣà. Alàájì Ràfíù ni, ará Òṣogbo, àgbà ọkùnrin tó ń fi òòlù gbá irin pẹlẹbẹ di páànù búrẹ́dì ní ṣọ́ọ̀bù kan tí kò jìnnà sí ibùdókọ̀ Old Garage. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló máa ń wá kó àwọn páànù wa tó ti jò lọ, tí á sì mú tuntun wá. Lọ́jọ́ tó dé, ààrò tutù. Ó bi mí ibi tí bàbá mi wà, mo fi ọwọ́ júwe. Ó ṣí ilẹ̀kùn yàrá ìyẹ̀fun, kò sọ pé kí bàbá mi jáde. Òun ló wọlé, ó gbọn agbádá rẹ̀ sẹ́yìn, ó jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun kejì. Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn pẹ̀lú ife omi tí wọ́n ní kí n gbé fún un.

"Àbúrò, láti títì ni mo ti máa ń gbọ́ ohùn rẹ," Alàájì ní. "Lónìí, mo kọjá ilé yín. Mo rò pé mo ti ṣìnà."

"Ó rẹ̀ mí ni, Alàájì."

"Láti ìgbà wo?"

Bàbá mi ń fi ìka tẹ àpò ìyẹ̀fun.

"Ṣé ò ń sùn?"

"Rárá, sà."

"Mo gbọ́ nípa ọmọ náà. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere." Alàájì sún mọ́ ọn díẹ̀. "Nígbà tí ìyàwó mi àkọ́kọ́ kú lórí ìkúnlẹ̀, oṣù mẹ́fà ni mi ò fi lè gbá páànù kan ṣoṣo. Bí mo bá gbé òòlù, á dà bíi pé wọ́n so ọ́ mọ́lẹ̀. Àwọn ará ilé ní ọ̀tá ló ń ṣe mí. A gbàdúrà, alhamdulilahi, àdúrà dára. Ṣùgbọ́n dókítà ló sọ orúkọ ohun tó ń ṣe mí fún mi. Ó ní àìsàn ni, bí ibà ṣe jẹ́ àìsàn, pé ó ní ìtọ́jú."

"Dókítà àwọn wèrè?" bàbá mi béèrè.

"Pè é ní orúkọ tó bá wù ọ́. Mo lọ, mo padà. Ṣé wèrè ló ti ń bá ọ ṣe páànù láti ọjọ́ yìí wá?"

Mo gbọ́ ìró kan láti ọ̀dọ̀ bàbá mi tí mi ò gbọ́ láti oṣù púpọ̀. Kì í ṣe ẹ̀rín tán, ṣùgbọ́n ọ̀nà ẹ̀rín ló gbà jáde. Lẹ́yìn náà ló sọ pé òun kò lè lọ sí ilé ìwòsàn kankan ní Iléṣà, torí gbogbo nọ́ọ̀sì ló ń jẹ búrẹ́dì òun. Alàájì ní Òṣogbo kò jìnnà, kí ó wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí ó wí nílé pé òun ń lọ mú páànù.

Èmi ni bàbá mi mú dání. Mo rò pé ó mú mi torí kí ọ̀rọ̀ páànù lè wọ etí màámi. Nísinsìnyí, ó dá mi lójú pé ẹ̀rù ló ń bà á láti dá lọ. A sọ̀ kalẹ̀ ní Old Garage láàárín ariwo àwọn tó ń pe èrò, Alàájì ti ń dúró dè wá, ó sì mú wa dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn náà kó tó padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọkùnrin ló pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Ọ̀kan wọ aṣọ awakọ̀, ọ̀kan mú Bíbélì dání, ọ̀kan sì tóbi bí ìrókò, ó ń yí fìlà rẹ̀ po lọ́wọ́. Gbogbo wọn ń wo ilẹ̀. Nígbà tó kàn wá, nọ́ọ̀sì tó wà nídìí tábìlì gbé ojú sókè.

"Kí ló gbé yín wá, sà?"

"Mo wá..." Bàbá mi wo ọ̀nà ìta. "Mo wá mú páànù."

Nọ́ọ̀sì náà kò rẹ́rìn-ín. Ó kọ nǹkan sínú ìwé, ó ní, "Kò burú, sà. Ẹ jókòó. Ọ̀pọ̀ tó wà níbí ló wá mú páànù."

Dókítà náà kò tó bàbá mi lọ́jọ́ orí. Wọ́n ní kí n dúró níta, ṣùgbọ́n bẹ́ǹṣì tí mo jókòó sí sún mọ́ fèrèsé. Fún ìgbà pípẹ́, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Dókítà kò kánjú, kò sì sọ̀rọ̀ dí àlàfo náà. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn bàbá mi, ohùn tó fẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti ọmọdé: "Ìjàpá ni mo máa ń ṣe fún un." Ó sọ ti ẹ̀wà méjì náà. Ó sọ pé orí ló máa ń kọ́kọ́ jẹ. Ó ní, "Wọn ò jẹ́ kí n rí ibi tí wọ́n gbé e sí." Ó sì bú sẹ́kún. Mi ò gbọ́ ẹkún bàbá mi rí. Mo dìde láti sá wọlé, ṣùgbọ́n ọkùnrin tó tóbi bí ìrókò fọwọ́ kàn mí léjìká. "Má bẹ̀rù, ọmọ mi," ó ní. "Ohun tí a wá ṣe níbí nìyẹn." Nígbà tí bàbá mi jáde, ojú rẹ̀ wú, ó mú ike oògùn kékeré kan dání, wọ́n sì ti sọ fún un pé kí ó máa padà wá lọ́sẹ̀ méjì-méjì láti wá sọ̀rọ̀. Ó ra ọsàn fún mi ní gáréèjì. Ó bó ọ̀kan fún ara rẹ̀, ó jẹ ẹ́ tán. Kí a tó wọ mọ́tò, ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, mo sì ṣèlérí.

A lọ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo rí àyípadà kékeré tí ọmọ tó ń ṣọ́ bàbá rẹ̀ nìkan lè rí: ó fá irùngbọ̀n, ó jẹ ìdajì oúnjẹ, ó tọ́ iyọ̀ wò kó tó dà á. Ìgbà náà ni Yèyé bá oògùn nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀ nígbà tó fẹ́ fọ aṣọ. Kò mọ̀wé. Ó mú un lọ bá ẹni tó ń ta oògùn ní títì, ó sì padà wá pẹ̀lú ojú tó le bí òkúta.

"Wọ́n ní oògùn àwọn tí ọpọlọ wọn dàrú ni," ó ní. "Nínú ulé mi? Ọmọ mi kì í ṣe wèrè. Wọn ò ní fi ìran wa ṣẹ̀sín ní Uléṣà."

"Yèyé, dókítà ní..." bàbá mi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

"Gbogbo wa ló ń ṣòfò. Gbé e bí ọkùnrin."

Ó da oògùn náà sínú ṣáláńgá. Bàbá mi dúró, ó ń wo ìyá rẹ̀ títí ó fi dà á tán. Kò lọ sí Òṣogbo mọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó padà sórí àpò ìyẹ̀fun, lọ́tẹ̀ yìí kò tiẹ̀ tan fìtílà. Inú bí mi sí Yèyé débi pé mi ò kí i láàárọ̀ ọjọ́ méjì, ìyẹn sì jẹ́ ohun tí ọmọ kì í ṣe nílé wa.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo dé láti iléèwé, bàbá mi sì pè mí. Ó ti wẹ̀, ó wọ aṣọ tó mọ́, ó gbá inú yàrá ìyẹ̀fun mọ́ tónítóní. Ó yẹ kí inú mi dùn. Ó bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, aago tí kì í bọ́ bí kò bá fẹ́ po ìyẹ̀fun, ó dè é mọ́ mi lọ́wọ́. Ó tóbi jù, ó ń yọ́ lọ sí ìgbọ̀nwọ́ mi.

"Fúnmi, ìwọ lo máa tọ́jú màámi rẹ."

"Níbo lẹ ń lọ?"

"Kò síbì kan."

Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ìbàlẹ̀ ọkàn tí mi ò rí lójú rẹ̀ láti ìgbà tí Tọ́pẹ́ ti kú, ìbàlẹ̀ ọkàn yẹn gan-an ló já mi láyà. Mo ti ṣèlérí pé mi ò ní sọ. Mo sáré dé iléèwé màámi, mo bá a níbi tó ti ń máàkì ìwé, mo sì ń sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: Alàájì, bẹ́ǹṣì, oògùn, ṣáláńgá, aago. Títí di òní, kò sí ìlérí kan tí mo dà tí inú mi dùn sí tó ìyẹn. Màámi kò jẹ́ kí n parí rẹ̀. Obìnrin tí kì í yára rìn láàárín ọ̀nà nítorí àwọn ọmọ iléèwé rẹ̀, ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó sáré.

Ó bá bàbá mi níbi tí mo fi í sí. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lára, ìyẹ̀fun sì kun ún.

"Bàbá Fúnmi, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má parọ́ fún mi. Ṣé ẹ ń rò ó láti pa ara yín?"

Mi ò mọ̀ pé èèyàn lè béèrè irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ síta gbangba. Mo rò pé ilé máa wó. Kò wó. Bàbá mi mí kanlẹ̀.

"Ó ti ń wá sí mi lọ́kàn," ó ní. "Ó ti pẹ́ díẹ̀."

Màámi di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. "Ẹ ṣeun tí ẹ sọ fún mi. Kí ló dé tí ẹ ò bá mi sọ̀rọ̀ Tọ́pẹ́?"

"Mo rò pé bí mo bá dárúkọ rẹ̀, mo máa ṣí ojú egbò rẹ."

"Èmi rò pé ẹ ti gbàgbé rẹ̀. Lójoojúmọ́ ni mo ń wò yín, tí mo ń sọ nínú ọkàn mi pé ọkùnrin yìí ti gbàgbé ọmọ mi."

Wọ́n jọ sunkún níbẹ̀. Nígbà tí mo yíjú padà, Yèyé ló dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó fi ọwọ́ ti ògiri. Ó ti gbọ́. Mo retí pé á pariwo. Ó rọra jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ jọ.

"Báyìí náà ni bàbá rẹ ṣe dákẹ́," ó sọ fún ọmọ rẹ̀. "Lẹ́yìn ọdún tí oko kòkó jóná. A ní ọkùnrin ni, ẹ jẹ́ kó gbé e. Ó fún mi ní ọ̀bẹ rẹ̀ àti fìlà rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó lọ sóko, kò padà wálé lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ejò la ní ó bù ú jẹ. Èmi ni mo sọ pé ejò ni." Ó nu imú rẹ̀ pẹ̀lú etí aṣọ. "Ẹ̀rù ló bà mí nígbà tí mo rí oògùn yẹn. Ọmọ mi, dìde. Níbo ni Òṣogbo náà wà?"

Kò sí ẹni tó fi bàbá mi sílẹ̀ ní òun nìkan títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tí ó di àárọ̀, gbogbo wa la jọ wọ mọ́tò. Yèyé ló kọ́kọ́ dé iwájú tábìlì nọ́ọ̀sì, kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, èmi ni mo da oògùn nù. Ẹ má bá ọmọ mi wí." Nọ́ọ̀sì náà dìde, ó fún un ní àga tirẹ̀.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ó yá ní ọjọ́ kejì. Ó tó oṣù mélòó kan. Dókítà pààrọ̀ oògùn lẹ́ẹ̀kan torí èyí àkọ́kọ́ ń mú un sùn jù. Ọjọ́ wà tí ó máa dára, ọjọ́ mìíràn wà tí á tún wọ yàrá ìyẹ̀fun, ṣùgbọ́n màámi á tẹ̀ lé e wọlé, wọ́n á jọ jókòó. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, mo ń gbá eérú, ó ní, "Fúnmi, aago mi dà?" Inú àpótí aṣọ mi ni mo tọ́jú rẹ̀ sí. Mo sáré débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Kété lẹ́yìn ìyẹn ni Yèyé sọ fún àwọn àbúrò bàbá mi pé kí wọ́n wá fi ibi tí wọ́n sin Tọ́pẹ́ sí han bàbá mi. Wọ́n ní kò bá àṣà mu. Ó ní òun ló dàgbà jù nílé náà, òun ló mọ ohun tí àṣà ti gbà lọ́wọ́ òun. Òun gan-an ló ṣáájú wọn pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbẹ̀, ó tu koríko tó hù sórí rẹ̀, ó ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Àwa yòókù dúró sẹ́yìn, a kò fetí sí ohun tó ń sọ.

Èmi náà ti dàgbà ju bàbá mi ìgbà yẹn lọ báyìí. Òṣogbo ni mo ń gbé, mo ní ọkọ, mo ní ọmọkùnrin méjì, bí èyí àgbà bá sì ń sunkún, tí ẹnìkan bá ní kó dákẹ́ torí ọkùnrin ni, mo máa ń rọra ní kí onítọ̀hún jẹ́ kó sun ún tán. Yèyé ti lọ. Nígbà ayé rẹ̀, mi ò tún gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó gbé ẹrù láì kérora lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Mo bi í léèrè nígbà kan, ó ní òun ti gbàgbé ẹni tó kọ́ òun, àti pé ó dájú pé ẹni náà kò rí i kí ọmọ tirẹ̀ dákẹ́ lójú rẹ̀ rí. Bàbá mi ti fún àwọn ẹlòmíràn ní ààrò rẹ̀, màámi ti fẹ̀yìntì, àwọn méjèèjì sì ń jà lójoojúmọ́ nípa ẹni tó gbàgbé láti ti fèrèsé.

Ní ọdún tó kọjá, nígbà ìjọsìn àwọn ọkùnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, wọ́n ní kí bàbá mi wá sọ̀rọ̀ lórí bí ọkùnrin ṣe ń dúró gbọn-in. Mo wà níbẹ̀. Mo rò pé á sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ àti àdúrà. Ó gun orí pèpéle, ó di igi àga ìwàásù mú, ó ní, "Orúkọ ọmọ mi ni Tèmítọ́pẹ́." Ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi yàrá ìyẹ̀fun pamọ́, kò fi bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn pamọ́, kò sì fi ẹkún rẹ̀ pamọ́. Ó ní kì í ṣe òun nìkan ló dá dúró gbọn-in o, pé èèyàn ló gbé òun ró, dókítà sì wà lára wọn. Àwọn ọkùnrin ń wo ilẹ̀. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́, inú mi sì bàjẹ́ díẹ̀ nítorí rẹ̀, torí mo rò pé ọ̀rọ̀ náà já sí asán.

A padà sílé, a gbé iyán kalẹ̀. A kò tíì jẹ ẹ́ dé àárín tí ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni, ó ṣì wọ kóòtù tó wọ̀ wá sí ìjọsìn náà, ó ní Ìkejì-Arákejì lòun ti wá, pé iṣẹ́ olùkọ́ lòun ń ṣe níbẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, ó dìde, kò mọ ibi tó máa gbé ọwọ́ rẹ̀ sí.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ dà yín láàmú nídìí oúnjẹ. Mo lè padà wá."

"Má padà lọ," bàbá mi ní. Ó fọ ọwọ́, ó fa àga kan sún mọ́ tirẹ̀. "Jókòó. Ibi tó bá wù ọ́ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá sì di ọ̀la, màá bá ọ dé Òṣogbo."

Màámi dìde láti lọ mú abọ́ sí i. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.